Ikú Wà Lábẹ́ Síǹkì

Ẹ̀rọ ìfọṣọ yín ń rùn. Ẹ mọ̀ pé ó ń rùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, òórùn bí ti àkísà ìnulẹ̀ tí wọn kò sá kọ lù yín nímú, ẹ yára pa á dé. Aṣọ tí ẹ fọ̀ láàárọ̀ ti ń rùn kó tó di ọ̀sán. Gbogbo ìyẹn kò tíì la ẹ̀mí lọ. Ìgbà tí ara yín kò gbà á mọ́ ni ewu dé. Ẹ da Hypo sí i, òórùn kò lọ. Ẹ da fínígà lé e, nítorí pé ẹnì kan sọ lórí TikTok pé fínígà ń pa òórùn. Kò tó. Ẹ wá bu oògùn tí ẹ fi ń fọ ilé ìgbẹ́ sí i díẹ̀, kí ó lè lágbára. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ ti po gáàsì olóró nínú ilé yín nìyẹn.

N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Gáàsì kílórínì tó ń jáde nínú àdàlù yẹn ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Orúkọ kan náà ni, oró kan náà ni. Tiwọn pọ̀ ju tiyín lọ fíìfíì, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbangba pápá ni wọ́n tú tiwọn sí. Inú bálùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò gba orí ọmọdé ni ẹ po tiyín sí.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn bóyá ewu yìí wà, kó lọ wá ẹlòmíràn bá jiyàn. Ó wà. Bó ṣe sún mọ́ yín tó ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ wo abẹ́ síǹkì yín. Hypo tàbí JIK wà níbẹ̀. Oògùn ìfọ ilé ìgbẹ́ wà níbẹ̀. Fínígà wà níbẹ̀, tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù tó kọjú sí i. Bóyá oògùn ìnu gíláàsì náà wà, bóyá kọ́sítíìkì sódà tí púlọ́ńbà fi sílẹ̀ nígbà tí páìpù dí. Gbogbo wọn fara kanra. Ọ̀kan ń jò díẹ̀díẹ̀ ní ìdérí, ẹ sì ń rí i lójoojúmọ́.

Bílíìṣì ni Hypo àti JIK; ohun tó wà nínú wọn ni wọ́n ń pè ní sodium hypochlorite. Bí a bá lò ó ní òun nìkan, pẹ̀lú omi tútù, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ásíìdì kàn án, kílórínì tó wà nínú rẹ̀ yóò já kúrò, yóò di gáàsì, yóò sì jáde. Ásíìdì ni fínígà. Ásíìdì ni omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ oògùn ìfọ ilé ìgbẹ́ ni wọ́n fi hydrochloric acid ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò, ẹ̀yin ni ẹ kò kà á. Oògùn tí wọ́n fi ń bó ìpẹtà kúrò lára aṣọ, ásíìdì ni. Omi bátìrì tí àwọn kan ń bù ṣan ilẹ̀ bálùwẹ̀, ásíìdì paraku ni, ẹni tó sì gbé e wọ ilé ẹbí rẹ̀ yẹ kó dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin ìran yìí, ẹ gbọ́n púpọ̀, ẹ kò sì kà. Ẹ gba fídíò tí kò tó ìṣẹ́jú kan gbọ́, ẹ kò gba ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn kọ sára ike rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ṣe fídíò náà kò mọ bí bálùwẹ̀ yín ṣe kéré tó. Kò mọ̀ pé ọmọ yín ní ikọ́ fée. Kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí èémí bá ń ṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ilé oúnjẹ kan nílùú Burlington, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oògùn ìfọ̀nǹkan tó ní ásíìdì dà sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ mìíràn fẹ́ fọ ilẹ̀ náà, ó da oògùn tirẹ̀ sí i, bílíìṣì sì wà nínú tirẹ̀. Omi ilẹ̀ náà di àwọ̀ ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó. Àwọn èèyàn sá jáde. Máníjà ibẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin, mú igi ìfalẹ̀, ó ń gbá omi náà síta kó má bàa pa àwọn yòókù lára. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó kú.

Ẹ tún ìtàn yẹn gbé yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ po nǹkan kan pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn méjì ni, oníkálukú ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìkínní kò sọ fún ìkejì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún ẹni tó bá wí fún mi pé òun kò lè ya òmùgọ̀ débi tí òun á fi po Hypo mọ́ ásíìdì. Kò dìgbà tí ẹ bá ya òmùgọ̀. Ìyàwó da fínígà sójú ibi ìfi-ọṣẹ-sí lálẹ́, ó fẹ́ kó sùn mọ́ ọn. Ọkọ jí láàárọ̀, ó ní òórùn yìí kò tíì lọ, ó da Hypo sí ojú kan náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló wà nítòsí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wú ikọ́.

Lọ́dún 2020, nígbà tí Kòrónà ń lé gbogbo ayé kiri, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ròyìn obìnrin kan tó gbọ́ pé kí àwọn èèyàn máa fọ ohun tí wọ́n bá rà lọ́jà. Ó kún síǹkì rẹ̀ fún omi gbígbóná, bílíìṣì àti fínígà, ó rẹ èso àti ewébẹ̀ sínú rẹ̀. Ibi tó ti ń nu àwọn ẹrù yòókù ni òórùn líle ti gba ilé ìdáná kan, tí kò lè mí dáadáa mọ́. Orí ló kó o yọ. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, ìpè 45,550 ni àwọn ibùdó ọ̀ràn májèlé ilẹ̀ náà gbà lórí oògùn ìfọ̀nǹkan àti apakòkòrò. Ó fi ìdá 20.4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àkókò kan náà ní ọdún 2019 lọ. Ìmọ́tótó ni gbogbo wọn ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Kílórínì wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àbọ̀. Kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń sùn sí. Ọmọ tó ń rákò ni yóò kọ́kọ́ mí in símú, nígbà tí ìyá rẹ̀ tó wà lórí ìdúró ṣì ń béèrè pé kí ló ń rùn. Ojú yóò máa ta. Ọ̀fun yóò máa jó. Ikọ́ yóò dé, kò ní dáwọ́ dúró. Àyà yóò fún pọ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè má rójú mú oògùn rẹ̀. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: ara lè fúyẹ́ díẹ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ sùn, kí ẹ rò pé ó ti kọjá, nígbà tí omi ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti wákàtí mélòó kan sẹ́yìn. Ẹni tó bá mí i símú tó wúkọ́, tí àyà rẹ̀ fún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ó tilẹ̀ ní ara òun ti yá.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jáde. Ẹ má ṣe da omi sí i. Ẹ má ṣe da ọṣẹ sí i. Ẹ má ṣe padà wọlé lọ gbé fóònù. Ẹ gbé àwọn ọmọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe ń kọjá, kí ẹ dúró síta. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè. Ní Britain, 999. Ní Amẹ́ríkà, 911, tàbí ibùdó ọ̀ràn májèlé lórí 1-800-222-1222. Ẹ kọ nọ́ńbà tó bá kàn yín sára ògiri lónìí, nítorí pé ẹni tí kò rí èémí mí kì í rántí nọ́ńbà.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín lọ́tọ̀. Ìtẹ́dìí ọmọ àti aṣọ ibùsùn tí ọmọ tọ̀ sí, tí ẹ kó jọ láti ìjẹta, ìtọ̀ ara rẹ̀ ti ń di amóníà. Òórùn tó ń ta yín nímú nìyẹn. Bí ẹ bá da Hypo lé e bẹ́ẹ̀, gáàsì mìíràn ni yóò jáde, chloramine ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀fóró kan náà ni ó sì ń lépa. Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan aṣọ náà, kí ẹ dà á nù, kí ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ronú ohun mìíràn.

Ẹ̀yin tó ń lo omi bohúòlù tó ní ìpẹtà nínú, tiyín tún yàtọ̀. Hypo kì í mú aṣọ funfun yín funfun. Ó ń mú kí irin inú omi náà di ìpẹtà mọ́ aṣọ lára. Aṣọ á pọ́n. Inú á bí yín. Ẹ á lọ ra oògùn ìpẹtà, ásíìdì sì ni oògùn náà. Ẹ á dà á sínú ẹ̀rọ tí Hypo ṣì wà nínú páìpù rẹ̀. Ṣé ẹ rí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé èèyàn débẹ̀? Kò sí ìgbésẹ̀ kan níbẹ̀ tó jọ ìwà wèrè.

Òórùn ẹ̀rọ yìí gan-an, ọwọ́ yín ló dá a sílẹ̀. Ọṣẹ inú ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n so kọ́ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ìfọwọ́fọ ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún. Wọ́n ṣe é kó máa hó, nítorí pé ilé wa kò gbà pé ọṣẹ tí kò hó lè fọ nǹkan. Ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú kì í sì lo omi púpọ̀. Ọṣẹ yẹn á hó yàà, á kún inú rẹ̀, á gbé aṣọ dúró kí ó má lè lu ara wọn. Omi ìṣanṣọ kò ní lè kó o tán. Èyí tó kù á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlù irin, á lẹ̀ mọ́ páìpù, á lẹ̀ mọ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ọ̀rá ara yín á kún un. Fọ́nrán aṣọ á kún un. Oògùn tí ń mú aṣọ rọ̀, tí ẹ ń da ìdérí méjì dípò ìdajì, á tún fi ọ̀rá tirẹ̀ kún un. Àwọn kòkòrò àìfojúrí á bọ́ síbẹ̀, wọ́n á kọ́lé, ilé náà á máa yọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 2012 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Japan tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, Moraxella osloensis, pé ó wà nídìí òórùn aṣọ tí a fọ̀ tí kò tètè gbẹ. Gbígbẹ pàápàá kì í tètè pa á.

Omi gbígbóná ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbèrú. Níbo ni ẹ ti fẹ́ rí i? Iná tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń fà nígbà tó bá ń gbé omi kaná tó nǹkan bí 2,000 wátì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà omi tútù ni, lójoojúmọ́, láti ọdún tí ẹ ti rà á. Ẹ̀yin tó wà ní Peckham nílùú London náà kò sàn jù wá lọ: ẹ ń sá fún owó iná, ẹ ń fọ gbogbo nǹkan ní 30°C, ọṣẹ olómi ni ẹ sì ń lò, èyí tí kì í sábà ní nǹkan kan nínú tó ń pa kòkòrò. Nígbà òtútù, ẹ̀rọ wà nínú ilé ìdáná, gbogbo fèrèsé wà ní títì. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún jù.

Ẹ má rò pé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn jẹ́ eré náà o. Láàárín ọdún 2012 sí 2013, ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Jámánì, kòkòrò kan tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn, Klebsiella oxytoca, ń fara hàn lára àwọn ọmọ tuntun léraléra. Wọ́n wá orísun rẹ̀ títí. Inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ti bá a, irú èyí tí à ń lò nílé, tí wọ́n fi ń fọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ òwú àwọn ìkókó náà: ó wà lára rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ó wà nínú ojú ìfi-ọṣẹ-sí. Kò dá àìsàn sí wọn lára, a dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò, ó dáwọ́ dúró.

Nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀rọ yín, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ní làákàyè. Bí ẹ bá ti kó aṣọ jáde, ẹ fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, àfi bí ọmọ kékeré bá wà nílé tó lè kó wọnú rẹ̀. Nígbà náà ẹ ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ na rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ìṣẹ́po rẹ̀. Owó irin àti píìnì irun ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ fa ojú ìfi-ọṣẹ-sí jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ ṣí àsẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ẹ tẹ́ àwo síbẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ tí iná NEPA bá dúró dáadáa, ẹ tan ẹ̀rọ náà ní 60°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí aṣọ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó dára nìkan. Nìkan ni mo wí. Bí ẹ bá rin kinkin pé Hypo ni ẹ máa lò, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ẹ̀rọ náà bóyá ó gbà á, nítorí pé ó ń jẹ rọ́bà, ó sì ń jẹ irin. Ẹ lò ó lóun nìkan, kí ẹ ṣan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ohunkóhun mìíràn tó wọ inú rẹ̀.

Ní ti ọṣẹ, ẹ ka ara páálí. Èyí tí wọ́n kọ pé ó wà fún ẹ̀rọ, tí kì í hó púpọ̀, ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá rí sodium percarbonate lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó dára fún aṣọ funfun, kò sì ní kílórínì nínú. Omi tó gbóná ló ń jí i. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ ni kí ẹ bù. Bí ẹ bá sọ ìwọ̀n di ìlọ́po méjì, òórùn ni ẹ fi owó rà.

Ibi tí ara mi kò ti gbà mọ́ nìyí: ọṣẹ olómi tí wọ́n ń tà nínú ike omi mímu. Kò lórúkọ. Kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, olùtajà pàápàá kò lè sọ. Ó pọ́n fẹ́ẹ́, tàbí ó ní àwọ̀ ewé, ó dà bí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lójú ọmọ. Ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀yin fi í sórí ilẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méjì tó, ẹ sì lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Bí kọ́sítíìkì sódà bá pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì náà gan-an ni ọmọ gbé mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò jóná. Egbò náà yóò san, ọ̀nà ọ̀fun yóò sì sún kì bó ṣe ń san. Ọmọ náà kò ní lè gbé ẹ̀bà mì. Yóò yá, kò ní lè gbé ẹ̀kọ mímu mì. Iṣẹ́ abẹ lè kàn án, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Hypo inú ọ̀rá kékeré tí ọmọ lè fi eyín já, ìbátan rẹ̀ ni. Ọṣẹ onítìmùtìmù kékeré tí ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń lò láti nǹkan bí ọdún 2012, tí ara rẹ̀ ń yọ́ bí ahọ́n tútù bá kàn án, ìbátan rẹ̀ ni. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni àyè gbogbo wọn.

Bí ọmọ bá ti gbé e mu, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé ìyá yín àgbà ń fún èèyàn. Ẹ má fún un. Ẹ má fún un ní omi iyọ̀. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì: ohun tó jó ọ̀fun lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o bọ̀ wá sókè, epo náà sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí ohun tó mu. Bí kò bá sí lébẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀, ẹ mú un dání bẹ́ẹ̀.